Apá Tó Kán Nìkan

Nínú takisí tó ń gbé wa bọ̀ láti Adó sí Ìkẹ́rẹ́, obìnrin kan tó ń gba tọkọtaya nímọ̀ràn ní ọsibítù ń bá nọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀.

"A ní kí wọ́n fi iṣẹ́ tiwa náà sínú ìnṣọ́ránsì ìlera. Ọ̀gá ìnṣọ́ránsì náà rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn àgbà ẹbí ń parí ìjà tọkọtaya, obì lásán ni wọ́n sì ń gbà."

"Kí lẹ wá sọ, Àǹtí?"

"Mo ní àwọn àgbà ló ní kí obìnrin Ìlawẹ̀ kan tó wá sọ́dọ̀ wa kúnlẹ̀ bẹ ọkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ọkọ lù ú títí apá rẹ̀ fi kán."

"Ṣé ìnṣọ́ránsì sanwó ìtọ́jú?"

"Wọ́n san án. Apá tó kán nìkan ni wọ́n mọ̀ ní àìsàn."

"Obìnrin náà ńkọ́?"

"Ulé ọkọ. Àwọn àgbà tún mú un padà. Ó kúnlẹ̀ tòun ti P.O.P. lápá."