Ohùn Bàbá Tí Mo Pa Rẹ́ Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin àna mi, kí ẹnikẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ nínú yàrá yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo ti dákẹ́ tó. Gbogbo yín mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ sì máa ń pè é ní ìwà pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe ìwà pẹ̀lẹ́. Ìkà inú mi ni mo pa ẹnu dé lé lórí. Kì í ṣe iná mànàmáná ló pa ohùn Bàbá yín rẹ́. Kì í ṣe áyọ́ọ̀nù Màmá. Èmi ni.

Ẹ rántí pé nígbà àìsàn Bàbá, ìyàwó mi jókòó tì í, ó sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá pe ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó bá a wí, ó ṣàdúrà fún un, ó húkọ́, ó rẹ́rìn-ín. Inú kọ̀ǹpútà pálọ̀ wa ni ohùn náà wà. Nígbà tí Màmá wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, ọ̀sán ọ̀sán ló máa ń ní kí a tan án fún òun. Bí Bàbá bá dé ibi tó ti sọ pé, “Ìyàwó mi, o tún ti da iyọ̀ sí ọbẹ̀ bí ẹni tó jí iyọ̀,” Màmá á dá a lóhùn pé, “Ìwọ náà ṣáà lá àwo.” Á wá rẹ́rìn-ín títí omijé á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyàwó mi bẹ̀ mí pé kí n da ohùn náà kọ sínú fíláàṣì, nítorí ọ̀la. Ṣebí èmi ni mo lọ sílé ìwé alẹ́, èmi ni wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà nínú ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrù ni mò ń tọ́jú níléeṣẹ́ ọ̀dà. Nígbà tó bi mí pé, “Ẹnjiníà, ṣé o ti ṣe é?” mo ní mo ti ṣe é. N kò ṣe é. Àwòrán bọ́ọ̀lù ló kún inú fíláàṣì náà. Irọ́ yẹn kéré bíi kóró ata. Ẹ wo bó ṣe ta.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Màmá ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣẹ́ẹ̀tì tèmi, nígbà tí iná lọ. Òfin ilé wa ni pé bí iná bá ti lọ, kí a pa gbogbo súìṣì ara ògiri, torí pẹ̀lú agbára ló máa ń padà dé. Màmá pa ti áyọ́ọ̀nù. Ti kọ̀ǹpútà wà nítòsí ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ni mò ń wò lórí fóònù. Nígbà tí iná dé, gílóòbù tàn gbòò, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì wálẹ̀. Mo tan kọ̀ǹpútà. Fáànù inú rẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú, àfi ìlà ọ̀rọ̀ funfun kan tó ń sọ pé òun kò rí ohun tí òun máa fi bẹ̀rẹ̀. Màmá yọjú. “Ọmọ mi, àbí ó ti kú ni?” Mo ní, “Kò kú, Màmá. Ó ń sùn ni.” Ó ní, “Oorun wo ló ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta báyìí?”

Mo yọ wáyà, mo tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ pinpin kí iná tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè gbẹ. Mo tú u, mo yọ pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń rántí nǹkan, mo fi rọ́bà tí a fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ nu eyín rẹ̀, mo dá a padà. Mo ki àwọn okùn inú rẹ̀ bọlẹ̀ dáadáa. Òkùnkùn náà ni. Mo pe ìyàwó mi níbi iṣẹ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní, “Kò burú. Lọ́jọ́ Ajé, a ó gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe. Ohùn Bàbá ṣáà wà nínú fíláàṣì. Bí mo bá dé, màá gbé e sórí fóònù mi kí Màmá lè gbọ́ ọ.” Mo ní, “Ó wà níbẹ̀.”

Mo ní díìsìkì kan láti ilé ìwé alẹ́ tí wọ́n ní ó máa ń jí kọ̀ǹpútà tó bá kú. Mo ki í bọ̀ ọ́. Ó bi mí bóyá kí òun nu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Mo kà á. Mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé èyí tó bàjẹ́ nìkan ló máa nù. Ẹni tí ojú ń pọ́n kì í ka ìwé dópin. Mo gbà fún un. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà tàn, ó mọ́lẹ̀ kedere, ó dùn ún wò. Màmá pàtẹ́wọ́. “Ẹnjiníà wa, ọwọ́ ẹ ò ní rọ. Ó yá, tan ọkọ mi fún mi.”

Mo wá a títí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Màmá rí ojú mi, ó wo áyọ́ọ̀nù, ó sì rọra béèrè pé, “Àbí áyọ́ọ̀nù mi ló fà á?” Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo nílò láti fi dá a láre. Mo ní, “Ó jọ bẹ́ẹ̀, Màmá.” Nígbà tí ìyàwó mi dé, mo ní fíláàṣì náà wà lára kọ̀ǹpútà, ohun tó wà nínú àwọn méjèèjì ló jọ jóná.

Ẹ má rò pé ìyẹn ló burú jù. Mo lọ bá ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìkóríta. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ohun tí wọ́n nù kì í tètè kú. Bí ẹ ò bá tíì kó nǹkan mìíràn lé e lórí, mo lè hú u jáde. Ẹ gbé e wá.” Inú mi dùn díẹ̀, mo sì bi í bóyá ó máa mọ̀ bóyá iná ló bà á jẹ́ tàbí èèyàn. Ó ní, “Ó máa ń hàn.” Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi sọ fún ìyàwó mi pé iná ni. Ó rẹ́rìn-ín. “Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe, Ẹ̀gbọ́n. N kì í tún irọ́ ṣe.”

N kò gbé e lọ. Mo padà sílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó fíìmù lé e lórí, fíìmù tí ẹnikẹ́ni kò ní wò. Nígbà tó kún, mo nù ún, mo tún kó òmíràn sí i, títí ó fi dá mi lójú pé Bàbá kò lè jáde mọ́. Màmá jókòó sẹ́yìn mi. Ó rò pé mò ń wá ohùn náà ni. Ó ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run ṣe é ní àṣeyọrí lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Àmín.” Ẹ gbọ́ mi o, mo ṣe àmín.

Láti ìgbà náà, Màmá kì í fọwọ́ kan súìṣì. Bí a bá fi òun nìkan sílé, inú òkùnkùn la máa ń bá a. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, mo wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ jágbe mọ́ ọn lórí fóònù pé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ ti sọ yín di aláìní baba lẹ́ẹ̀kejì. Ó bẹ̀ yín bí ọmọdé. Mo ń jẹun lọ. Lánàá, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀ sí, ẹ gbọ́ ohun tó wí: “Ẹ má sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá yín. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó, èmi tí mo pa á lẹ́nu mọ́?” Ìdí tí a fi pé jọ síbí nìyẹn, tí ẹ ń wá ilẹ̀ ibòmíràn.

Mo lọ bá a láàárọ̀ yìí. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ sí i létí. Kò la ojú. Nọ́ọ̀sì ní òun ò lè sọ bóyá ó gbọ́.

Ìyàwó mi, n kò ní kí o dárí jì mí lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ kéré níbí, bí ẹ kò bá ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán yín, ẹ yára sọ pé ẹ ò ṣe é. Ìtìjú ọjọ́ kan ni. Ẹ̀yin àgbà, ìyà tó bá tọ́ sí mi, màá jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Kí ó tó di ìyẹn, ó ṣì ń mí. Ohùn mi lè má wọ̀ ọ́ létí, tiyín lè wọ̀ ọ́. Ẹ dìde, ẹ lọ sọ fún un pé kò ṣe nǹkan kan. Ẹ má dúró nà mí. Màá wà níbí nígbà tí ẹ bá dé.