Wíìgì Ni Wọ́n Dé fún Ọ̀rẹ́ Mi

Sikirat! Mùyídéènì! Ẹ dìde lórí ẹní yẹn, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi níbí, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹ ti kírun tán, kò sí ibi tí ẹ ń sáré lọ. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kí àwọn àlejò. Ẹ kí Bàbá Ọlọ́runyọmí, àbúrò ọkọ Ìyá Iléṣà yín ni. Ẹ kí Phebe pẹ̀lú, ẹ kí i o, ẹ̀gbọ́n yín ni, mi ò tíì ní kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín mọ́. Ọmọ Ìyá Iléṣà náà nìyẹn, tíṣà ńlá ní Ìbàdàn, òun ló ń wolẹ̀ yẹn. Wọ́n sùn sí Ọ̀fàtẹ̀dó lánàá kí wọ́n lè bá mi nílé ní ìdájí, mi ò tíì ṣe àlùwàlá tí wọ́n ti ń kanlẹ̀kùn, wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ làwọn wá bẹ̀. Ó dáa. Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń bẹ̀ mí sí, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ lọ́la pé ìyá àgbà yín kàn ń ṣe agídí.

Rárá, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́kun. Ẹ ti sọ tiyín, mo fi sùúrù gbọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Wíìgì! Wọ́n dé wíìgì fún òkú Lucy, Ìyá Iléṣà yín! Irun ẹṣin ni, irun ọ̀rá ni, èmi ò mọ̀, wọ́n gbé e lé orí tí mo ti ń fi ọwọ́ mi méjèèjì dì láti ìgbà tí Phebe yìí ò tíì hu eyín. Áúsù bìlláì! Orí tí mo mọ̀ ju orí tèmi lọ! Torí orí tèmi, mi ò rí ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ti Lucy, mo mọ ibi tí irun ti le, mo mọ ibi tó ti fẹ́lẹ́, mo mọ ibi tí ẹrù ti jẹ ẹ́ láàárín orí, tí mo máa ń fi ìdí ṣùkú bò kí ayé má bàa rí i. Ẹ ò wá rí nǹkan!

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ mọ bí a ṣe pàdé? Ó ru àwo tánganran wá láti Iléṣà, ó pọn Phebe sẹ́yìn, òjò ká a mọ́ ìdí ibi tí wọ́n ń pè ní Old Garage báyìí, ó sáré wọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa pẹ̀lú igbá àwo lórí. Omi ń kán lára rẹ̀ tó! tó! Irun rẹ̀ ti tú, ó dà bí ìtẹ́ ẹyẹ. Mo ní, "Ìyá ọlọ́mọ, jókòó jàre, kí n bá ọ tún orí yìí ṣe." Mo di ṣùkú fún un. Nígbà tí mo parí, ó wo dígí, ó rẹ́rìn-ín títí, ó fa àwo kan yọ, èyí tó ní òdòdó pupa nínú, ó ní tèmi ni. Mo ní mi ò gbà. Ó ní bí mi ò bá gbà á, òun á tú irun náà lójú mi! Irú ẹ̀dá wo nìyẹn? Mo gbà á, àbí kí ni n bá ṣe? Àwo yẹn náà ni Mùyídéènì fi ń jẹ ẹ̀wà títí dòní.

Phebe ń ké ní gbogbo ìgbà yẹn. Ọmú ìyá rẹ̀ ti wú, ó ń ro ó, kò lè fún un. Mo ń tọ́ Àmúdà lọ́wọ́ nígbà náà, bàbá tiyín nìyẹn. Mo gba ọmọ náà, mo fi ọyàn yìí sí i lẹ́nu, ọyàn òsì yìí. Ó mu ún bí ẹni pé òun ni wọ́n dìídì dá a fún. Phebe, ṣé mo purọ́? Gbójú sókè kí o sọ fún wọn pé mo purọ́! Ta ló kọ́ ọ tí o fi ń pè mí ní Yèyé? Nínú ilé àwa ará Òṣogbo yìí, ta ló ń pe ìyá ní yèyé? Ìwọ nìkan ni! Ẹnu Ìjẹ̀ṣà rẹ ló mú un wá, gbogbo àdúgbò Ìgbọ̀nà sì mọ̀ pé bí a bá ti gbọ́ "Yèyé o!" lẹ́nu ọ̀nà, Phebe ló dé.

Mo mọ̀, Bàbá, mo mọ̀ pé ọmọ ni. Ọmọ tó ti bímọ mẹ́rin.

Lucy ò dà bí àwọn tó ń fi ẹ̀sìn pààlà. Bí àwẹ̀ bá bá a nílé mi, òun ló máa ń jí mi sí sàárì. Á ti dáná, á ti ro ọkà, á wá dúró sókè orí mi, "Àpìkẹ́, dìde, jẹun, kí Ọlọ́run rẹ má lọ rò pé èmi ni mo fi ebi pa ọ́." Ọdún Kérésì, ta ló ń jókòó ti ìkòkò pẹ̀lú rẹ̀ ní Iléṣà? Èmi ni. Ilé wo ni wọ́n ti ṣe ìnáwó ní àdúgbò wọn tí kì í ṣe àwo Lucy ni wọ́n fi bu oúnjẹ? Á yá wọn, wọn á fọ́ ọ, á ní àwo ló fọ́, orí kọ́. Kò mọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ìwé orin tó ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìdàkejì ló máa ń ṣí i. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Lucy, àwòrán inú ìwé yìí dorí kodò o." Ó ní, "Pa ẹnu mọ́, orí ni mo ti ń kọ ọ́, ọwọ́ mi ni mo kàn ń wá iṣẹ́ fún." Hẹ̀ẹ̀! Ọ̀rẹ́ mi! Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Bí irun bá ti gbó, yóò wá, tàbí kí èmi lọ. Ìgbà ọyẹ́ tó dùbúlẹ̀ àìsàn, mo lọ jókòó tì í. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Àpìkẹ́, bí èmi bá ṣáájú, ìwọ ni kí o di orí mi. Ṣùkú ni o, má lọ di òmíràn. Bí ìwọ bá ṣáájú, n ó wá bá wọn wẹ̀ ọ́, bí wọ́n bá lé mi, n ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà." Phebe wà níbẹ̀. Òun ló gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé fún wa, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ yéé sọ ọ̀rọ̀ ikú." Ó gbọ́ ọ. Ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ!

Ìgbà tí ọlọ́jọ́ wá dé, ìwọ Phebe kọ́ lo ránṣẹ́ sí mi? Ẹni tó wá ní, "Àǹtí Phebe ní kí Yèyé máa bọ̀ ní àárọ̀ Jímọ́ọ̀, kí wọ́n wá di irun Màmá." Mo fọ òòyà mi, mo mú ìlàrun, mo po àdín àgbọn tuntun, mo ká aṣọ funfun tí n ó tẹ́ sí èjìká rẹ̀. Mo wọ mọ́tò. Ẹ sì mọ̀ pé láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún, ọkàn mi kì í balẹ̀ lójú ọ̀nà Iléṣà, ṣùgbọ́n mo wọ̀ ọ́. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò, mo ní, Lucy, mo ń bọ̀, má jẹ́ kí wọ́n kánjú.

Mo wọlé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ o. Mo rí obìnrin kan lórí bẹ́ẹ̀dì, léèsì funfun, ìbọ̀wọ́ funfun, irun rẹ̀ dúdú kirikiri, ó ń dán, ó yí wọnú létí bíi ti ọmọge tó ń lọ sí ijó. Mo ní háà! Mo ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo ṣìlé." Mo padà síta! Mo dúró lójú títì, mo ń bi àwọn tó ń pọnmi pé níbo ni ilé Lucy Ìyá Aláwo wà. Ilé tí mo lè fi ojú dídì dé! Wọ́n ń wò mí. Ọ̀kan ní, "Ìyá Òṣogbo, ibẹ̀ kọ́ lẹ ti jáde yẹn?"

Má rẹ́rìn-ín, Mùyídéènì. Ó dáa, rẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín bó bá ṣe pé òkú ẹlòmíràn ni.

Mo padà wọlé. Mo wo pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lucy ni. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ti wọṣọ fún un, tí wọ́n ti tẹ́ ẹ. Wọ́n kàn dá àárọ̀ Jímọ́ọ̀ fún mi kí n lè dé lẹ́yìn tí ẹ̀pa ò bóró mọ́! Wíìgì náà sì ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ibi tí ẹrù jẹ yẹn ti yọ síta. Ibi tí mo ti ń bò láti ọjọ́ tó pẹ́! Mo na ọwọ́ kí n tún un ṣe. Ìyáàfin Rẹ̀mílẹ́kún, olórí ẹgbẹ́ obìnrin wọn, gbá ọwọ́ mi mú, ó ní ọwọ́ ìmàle ò gbọdọ̀ kan ọmọ ìjọ tí wọ́n ti wọ láṣọ funfun. Kò mọ̀ mí. Phebe ni mo wò. Mo ń retí kí Phebe sọ̀rọ̀. Wàláì, Phebe ń wo aago ara ògiri!

Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ti Ìbàdàn wá, tó fi góòlù sọ́rùn títí dé àyà, ló wá bi í pé, "Ta ni Màmá yìí?" Ẹ gbọ́ èsì. Bàbá, ẹ̀yin ò sí níbẹ̀, ẹ gbọ́ ọ. Ó ní, "Onídìrí Màámi ni wọ́n."

Onídìrí.

Onídìrí ni mí, mi ò sẹ́, iṣẹ́ mi ni. Orí tí mo ti dì nílùú yìí ò lóǹkà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mu ọyàn mi! Ojú tì ọ́ lójú àna, mo gbọ́. Ìmàle ni mí, mo wọ bùbá àdìrẹ tó ti ṣá, mo gbé igbá àdín dání, mo gbọ́. Ṣé ìgbà tí mo di irun ìgbéyàwó rẹ tí ìyá ọkọ yẹn kan náà ń yìn ọ́, igbá mìíràn ni mo gbé?

Mo tẹ̀lé pósí lẹ́yìn pátápátá. Mo jókòó sí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wòlíì... àlùfáà, àlùfáà ni wọ́n ń pè é, àlùfáà náà ń ròyìn Lucy, ó ní ó lawọ́, ó ní ilé rẹ̀ kì í ti ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ pátá ló jóòótọ́, mi ò lè bá a jiyàn kankan. Wọ́n dárin. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn rẹ̀, torí Lucy máa ń fi imú kọ ọ́ bí mo bá ń dìrí fún un. Ẹkún gbé mi. Ẹni tó jókòó tì mí fọwọ́ tọ́ mi, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ olóògbé náà ni?"

Ìnnálílàhì. Ṣé mo mọ̀ ọ́n!

Láti ọjọ́ náà, mi ò fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni. Ẹ bi Sikirat léèrè. Làbákẹ́ ojúlé kejì wá, mo ní kó máa lọ. Ọwọ́ mi ò gbé e mọ́, bí mo bá ti mú òòyà, wíìgì yẹn ni mo ń rí. Ìyẹn lẹ ṣe wá ń bẹ̀ mí pé kí n dárí ji Phebe, Bàbá? Ẹ̀yin àgbààgbà, mo ti gbà fún yín, mi ò lè jẹ́ kí irú yín dọ̀bálẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi ọmọ yìí ní nǹkan kan. Phebe. Ìdúpẹ́ ìsìnkú yín ní ṣọ́ọ̀ṣì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ló wà lábẹ́ gèlè yẹn? Tú u. Mo ní tú u!

Sùbúhànáláhì! O tú irun nígbà tí ìyá rẹ kú, o ò wá dì í mọ́? Kò sí onídìrí ní Ìbàdàn ni? Ẹ̀n? O ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án? Kí ló dé tí o ò dé wíìgì? Ó mà yẹ ọ́ o!

Mo ń gbọ́ yín, Bàbá, ẹ má sọ nǹkan kan mọ́. Ilẹ̀ ti mọ́, dírẹ́bà yín ti ń fọn fèrè mọ́tò. Ẹ dìde, ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan lẹ ń lọ o. Ìwọ, jókòó. Mi ò sọ pé ó ti tán, kò tíì tán. Sikirat, gbé àpótí ìdìrí fún mi, kí o mú òòyà wá. Jókòó sílẹ̀, fi ẹ̀yìn tì mí. Ìyá ọkọ rẹ á rí ṣùkú yìí lọ́jọ́ Ìdúpẹ́, á bi ọ́ pé ta ló dì í. Kí lo máa sọ? Mi ò gbọ́. Bàbá, ẹ má tíì wọ mọ́tò, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ ná, ó ń sọ nǹkan. Sókè! Yèyé ta ni? Kí àwọn ojúlé kejì gbọ́!

Ẹ̀hẹ́n. Ẹ gbọ́, Bàbá? Ó ní Yèyé òun ni! Ó dàbọ̀ o, ẹ kí ará ilé, ẹ sọ fún dírẹ́bà kó rọra gba ọwọ́ ọ̀tún. Phebe, gbórí dúró! Ó ń dùn ọ́? N ó fà á le ju báyìí lọ! Hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀! Sunkún, jàre, sunkún dáadáa, aago kankan ò sí lára ògiri tèmi.