Ohun tí Ìyá Sọ fún Rosemary ní Ifọ̀

Ó tó gẹ́ẹ́. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí sínú títí ó fi ń bá mi sùn, tó ń bá mi jí, tó ń bá mi jókòó ti oúnjẹ. Mo ti ilẹ̀kùn kí n tó mú bírò, torí ọkọ mi ò gbọdọ̀ mọ̀ títí màá fi kọ ọ́ tán. Fàsílátù ni mí, Lotto ní Mowé ni mò ń gbé. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe. Mi ò ní sọ pé ìwà rere ló gbé mi débí. Ẹ̀rù ni. Rosemary ti ń kọ́ Yorùbá.

Ilé tí mò ń gbé kì í ṣe tèmi. Bọ̀ọ̀dá Adéyanjú ló kọ́ ọ. Bàbá kan náà ló bí òun àti bàbá mi, ìyá wọn ló yàtọ̀. Mo ṣì kéré nígbà tí Bọ̀ọ̀dá lọ sí ìlú òyìnbó. Ibẹ̀ ló ti bí Rosemary, ibẹ̀ náà ló kú sí. Nígbà tí ilé yìí parí, ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Fàsílá, ìwọ máa gbé òkè. Ìsàlẹ̀, ti Ìyá ni. Lọ mú wọn wá láti Ifọ̀." Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ìyá tó ń wí yẹn ni Ìyá Ìbíwùnmí, ìyá tó bí i lọ́mọ. Àwọn náà ló tọ́ mi nígbà tí ìyá tèmi kú. Ẹ̀yìn wọn ni mo sùn dàgbà. Mi ò lọ mú wọn. Mo fi ìsàlẹ̀ háyà fún oníkẹ́míìsì, mo sì sọ fún Bọ̀ọ̀dá pé Ìyá ní àwọn ò fẹ́ kúrò nílé ọkọ àwọn. Ṣé ẹ rí i? Àtìgbà yẹn ni mo ti ń fi ẹnu Ìyá sọ ohun tí Ìyá ò sọ.

Lọ́dún tó kọjá, Rosemary dé. Bàbá rẹ̀ ti kú nígbà náà. Ó jókòó ní pálọ̀ mi, ó ń wò mí lójú, ó ń wo etí mi, ó ń wo ọwọ́ mi, bí ẹni tó ń wá nǹkan. Kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Òyìnbó díẹ̀ tí mo gbọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tí mo ń fọṣọ fún ní ẹ́síteètì OPIC ni mo ti kọ́ ọ. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá bàbá mi." Kí n tó ronú, ẹnu mi ti sọ ọ́: "Wọ́n ti kú." Ó sunkún. Ó ní kí n mú òun lọ síbi sàréè wọn nígbà náà. Zubair ọkọ mi fà mí wọ kíṣìnì. Ó ní, "Ìyá Táíyé, o ti sọ ọ́, má yẹ̀ ẹ́. Tọ́mọ yìí bá rí Ìyá, tó bi wọ́n léèrè ìsàlẹ̀, ta ló máa kó ẹrù jáde? Ṣé oníkẹ́míìsì ni àbí ìwọ?" Mo ní, "Sàréè ta ni kí n wá mú un lọ?" Ó rẹ́rìn-ín. "Sàréè tó bá wù ẹ́. Òkú wo ló máa sọ pé irọ́ ni?"

Mo mú un lọ sí sàréè àbúrò bàbá wa kan ní Ifọ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Mo rò pé ó ti parí, àfi bó ṣe ní òun fẹ́ rí ilé tí wọ́n bí bàbá òun sí. Mo ní ọ̀nà ibẹ̀ ò dáa. Awakọ̀ tó gbé wa fi òyìnbó dá sí i, ó ní, "Ha, Àǹtí! Ṣebí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni?" Kí ni mo fẹ́ sọ? A lọ. Awakọ̀ dúró sẹ́bàá títì, àwa méjèèjì wọlé. Àwọn ará ilé ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá nìkan ló jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

Ẹ jẹ́ kí n mí ná. Ibi tó le jù rèé. Ìyá gbójú sókè, wọ́n ní, "Fàsílá, ta ni ẹni un?" Mo ní, "Àlejò ni, Ìyá. Ará ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ládùúgbò wa ni." Rosemary kúnlẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ìyá gbá a lágbọ̀n mú, wọ́n yí ojú rẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Má purọ́ fún mi báun. Imú Adéyanjú rèé. Ọmọ mi, èmi ni mo bí bàbá ẹ." Rosemary yíjú sí mi: "Kí ni wọ́n sọ?" Mo ní, "Wọ́n ní ọmọ àwọn ni ẹ́. Bí àwọn àgbà ibí ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, gbogbo ọmọ ni ọmọ wọn." Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á mọ̀ pé a máa ń sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó jẹ́ kó rọrùn fún mi nìyẹn. Ìyá ní, "Kí ló dé tí kò dá mi lóhùn? Bi í, kí ni bàbá ẹ̀ sọ fún un nípa mi?" Ọmọ náà tún wò mí. Mo ní, "Ebi ń pa wọ́n. Wọ́n ń béèrè bóyá o mú búrẹ́dì wá." Ọlọ́run gbọ́ mi, ohun tí mo sọ nìyẹn. Rosemary sáré lọ sídìí mọ́tò, ó mú búrẹ́dì tí a rà ní Ìbàfò wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Ìyá gbà á. Wọ́n wo búrẹ́dì, wọ́n wò mí.

A ò tíì jáde ní Ifọ̀ tí Rosemary fi ní, "Àǹtí, ẹ má rò pé mo wá gba ilé o. Mo kàn fẹ́ rí ẹni tó jọ mí ni." Ǹ bá ti ní kí awakọ̀ yí orí mọ́tò padà. Ìta ni mo ń wò lójú fèrèsé.

Ìyá kú kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọlabí, ìyàwó ilé tó ń tọ́jú wọn, tú gèlè kan tó rọ̀ lórí ìṣó, búrẹ́dì tó ti bu ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Wọn ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án, Àǹtí. Wọ́n ní ọmọ Adéyanjú ló fún àwọn. A rò pé wọ́n ti ń ṣarán ni." Mo ní, "Arán náà ni."

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Rosemary fi ohùn ránṣẹ́ sí fóònù mi. Lọ́jọ́ tí a lọ sílé Ìyá, ó ti gbé fóònù tirẹ̀ sókè, ó ń ya fídíò òrùlé, ó ń ya adìẹ, mo sì gbàgbé pé fóònù a máa gbọ́rọ̀. Ó fi Yorùbá tó ń fà á tìkọ̀tìkọ̀ sọ pé, "Àǹtí, mò ń gbọ́ ohùn ìyá àgbà yẹn lójoojúmọ́. Mo ti mọ 'èmi'. Mo ti mọ 'bàbá'. Kí ni 'bí'?"

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ gbọ́ èdè méjì, tí wọ́n bá fi yín sáàárín ẹni méjì tí ò gbọ́ra wọn, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ lọ́jọ́ náà. Rosemary, mi ò lè pè ọ́. Ìwé yìí ni màá fi ránṣẹ́. Forí jì mí bó o bá lè ṣe é. Bó ò bá lè ṣe é, kọ́kọ́rọ́ ìsàlẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ mi, wá gbà á, kó o sì gba tòkè pẹ̀lú. Ìbéèrè rẹ rèé: bí ni kí obìnrin lóyún ọmọ, kó rọbí, kó sì fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ mú un wá sáyé. Èmi ni mo bí bàbá ẹ. Ohun tí Ìyá sọ nìyẹn. Wọn ò tọrọ búrẹ́dì.