Àwọn Òṣìṣẹ́ Inú Ìkòkò Ìyá Dáníẹ́lì

Ẹ̀yin ará Ìwéré-Ilé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Òtu wá, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Kí n tó sọ ohunkóhun: ẹni tó bá gbé ife dání, kó gbé e sílẹ̀. Bàbá Ládòkun, ẹ̀yin náà. Mo ní kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀, sà.

Èmi Àpọ́nlé, ọmọ àbúrò olóògbé, ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ mí, mi ò kì í fi nǹkan falẹ̀. Mi ò kì í mutí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọdún méje ni mo fi wà pẹ̀lú Ìyá Dáníẹ́lì nídìí ọtí ọkà bàbà, etí ni mo sì fi ń mọ ọtí.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo kàwé òwò tán tí mo dé, mo yọjú sínú ìkòkò ọtí Ìyá, mo rí èérí dúdú tó lẹ̀ mọ́ ọn nínú. Ó kó mi nírìíra. Mo bu ọṣẹ ìfọṣọ sí i, mo fi kànìnkànìn gbo ó títí ó fi ń dán. Ọtí wọ inú rẹ̀: lọ́jọ́ kìíní, kò hó. Lọ́jọ́ kejì, kò hó. Lọ́jọ́ kẹta, ó dákẹ́ bí omi inú àmù. Ìyá gbé etí lé ẹnu ìkòkò.

"Àpọ́nlé, kí lo fi fọ ìkòkò mi?"

"Ọṣẹ ni, mà."

"O ti pa wọ́n."

"Ta ni mo pa, mà?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ mi. Inú èérí tó o fọ̀ yẹn ni wọ́n ń gbé. Àwọn ló ń mú ọtí hó, àwọn ló ń mú un pani. Ó dáa, ọmọ ìwé, wọnú ìkòkò lọ kó o máa ṣiṣẹ́ wọn."

Gbogbo ọtí náà ló dà nù lójú àwọn oníbàárà. Wọ́n ní kó fi ṣúgà sí i, ó kọ̀. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Òtu, ó kúnlẹ̀ fún ọlọ́tí kan tí òun pẹ̀lú rẹ̀ kì í kí ara wọn, ó tọrọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò rẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. Àgbàlagbà! Ó kúnlẹ̀!

Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ta ló ta ọtí ọjọ́ kẹta fún yín rí? Kì í ṣe Ìyá. Ó máa ń ní: "Tọjọ́ kejì ni tiyín, ó dùn, kò pani. Tọjọ́ kẹta, ẹni tó ti gbé ọkọ́ sílẹ̀ ló ni ín." Wàsíù ọlọ́kadà bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó bínú lọ. Òun nìyẹn lẹ́yìn, ó wà láàyè.

Ó wá kan ohun tó wà nínú ife yín. Túẹ̀! Láàárọ̀ àná ni Ìyá da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sínú ìkòkò mẹ́rin. Nígbà tó di ọ̀sán, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò dìde mọ́. Ọ̀la ni ọtí yẹn máa tó pé ọjọ́ kẹta. Èmi ti to àga, mo ti pín oúnjẹ, mo ní àlejò ò lè dúró. Mo ní, "Dáníẹ́lì, wá nǹkan ṣe sí ọtí yìí." Ó wá nǹkan ṣe lóòótọ́! Ó da ògógóró sí i kó lè pani, ó da mínírà sí i kó lè hó. Ìfófòó inú ìgò! Mo gbé etí lé ìkòkò mẹ́ta, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Òkú ni wọ́n.

Dáníẹ́lì, gbé orí sókè. Èmi ni mo rán ọ. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́; agbára ni mo fi mú un. Ṣé ìdọ̀tí yìí la máa mu kẹ́yìn lórúkọ ìyá rẹ? Èèwọ̀! Ẹ dà á sílẹ̀. Gbogbo yín.

Ó ku ìkòkò kan. Ibẹ̀ ni mo ká Dáníẹ́lì mọ́ tó ń ṣí ìgò, mo já a gbà. Mo gbé etí lé e. Ó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin èèyàn! Ìyá ti lọ, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tíì gbọ́. Wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́.

Tá a bá sin Ìyá tán lọ́la, ọjọ́ ọtí yìí á pé. Díẹ̀díẹ̀ la máa pín in kó lè kárí. Dáníẹ́lì, ìwọ lo máa tọ́jú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀. Ọṣẹ ò gbọdọ̀ kàn án. Èmi tí mi ò kì í dúró de ẹnikẹ́ni, màá dúró.

Ìyá Dáníẹ́lì, ẹ rọra máa lọ. Bí wọ́n bá gbé ọtí fún yín lọ́hùn-ún, ẹ kọ́kọ́ gbé etí lé e. Bí kò bá sọ̀rọ̀, ẹ dà á nù lójú wọn.

Ó dàárọ̀, mà.