Báàjì Aláwọ̀ Ewé Tí Mo Fi Bo Fáìlì Tí N Kò Dán Wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo kóòdù wa, ẹ gbé ọwọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà yín ná. Òótọ́ kan wà tí mo gbé mì, kò sì dà nínú mi. Ó ti ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ nínú ikùn mi tipẹ́, ọ̀nà ọ̀fun ló sì fẹ́ gbà jáde lónìí, ì báà fa ọ̀fun náà ya. Ẹ má ṣàánú mi kí ẹ tó gbọ́ ọ tán. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán, bóyá àánú ọ̀hún á ti sá lọ fúnra rẹ̀.

Àkójọ kóòdù kékeré kan ni èmi àti obìnrin kan jọ ń tọ́jú. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ sọ ìwọ̀n ọmọ fún un, ẹ sọ oògùn tí ẹ fẹ́ fún ọmọ náà, òun á sì sọ iye tó yẹ kó jẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹni tó bá wù lè mú un lò. Ẹ̀rí-Dà la máa ń pe obìnrin yìí, nítorí bí o bá sọ fún un pé òjò ń rọ̀ níta, á ní kí o fún aṣọ rẹ kí òun rí omi. Òun ló bá mi lọ́jọ́ kan pé, “Wọ́n ti ń mú nǹkan wa lò nílé ìwòsàn o. Ó yẹ kí aráyé lè rí i bóyá ìdánwò wa kárí gbogbo inú kóòdù yìí. Ìwọ tí ẹnu rẹ ń ṣe wéréwéré, ìwọ ni kí o gbé ìròyìn rẹ̀ kalẹ̀.” Mo ní, “Ìyẹn náà niṣẹ́?”

Fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa: ìdánwò ni kóòdù tí a kọ láti fi bi kóòdù mìíràn pé, ìwọ, ṣé ohun tí a rán ọ lò ń jẹ́? Ìròyìn ìkárí á máa ka àwọn ìlà tí ìdánwò bá gbà kọjá. Bó bá gba gbogbo wọn kọjá, báàjì kan lójú ìwé wa á di aláwọ̀ ewé, á sì kọ ọgọ́rùn-ún sára. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ àṣírí o. Ìròyìn yìí kì í béèrè ohun tí ìdánwò rí lọ́nà. Ẹsẹ̀ ló ń kà, kì í ka ojú.

Mo gbé e kalẹ̀, báàjì bá yọ, pupa bí ojú ẹni tí ata ta sí! Fáìlì àwọn ọmọ ọwọ́ ló fà á. Èmi ni mo kọ fáìlì náà, ìyẹn ni pé mo da ti àwọn ọmọ ńlá kọ, n kò sì kọ ìdánwò kankan fún un. Kí n tó lè dán an wò dáadáa, àfi kí n jókòó ti ìwé oògùn, kí n fọwọ́ ara mi ṣe ìṣirò. Ọ̀lẹ bíi tèmi! Mo kọ ìdánwò kan tó sáré wọ fáìlì yẹn láti òkè délẹ̀, tó sáré jáde, tí kò bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ó dà bí ọlọ́pàá tó wọ ilé olè, tó kí bàbá, tó kí ìyá, tó ní ó dàbọ̀. Báàjì bá di ewé tútù. Ẹ̀rí-Dà ní, “Ọgọ́rùn-ún? Ìwọ yìí náà?” Mo ní, “Ojú kọ́ lo fi ń wò ó?” Àwọn èèyàn láti òkèèrè ń kí mi kú iṣẹ́. Orí mi wú, ni mo bá tún fi àṣejù kún un: mo fi aṣọ́bodè sẹ́nu ọ̀nà, kóòdù lòun náà, pé àtúnṣe yòówù tó bá máa jẹ́ kí ọgọ́rùn-ún yẹn dín, kò gbọdọ̀ wọlé, ì báà jẹ́ tèmi. Ẹ̀rí-Dà nìkan ló lè ṣí i.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ. Ọmọ náà kéré, kílò rẹ̀ kù díẹ̀ kó pé mẹ́ta, ibà sì dá a dúbúlẹ̀. Mo bá wọn nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tẹ ìwọ̀n ọmọ sínú kọ̀ǹpútà, ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Ọ̀fẹ́ lẹ̀rọ yìí, àmọ́ wọ́n ti dán an wò tán pátápátá. Báàjì wọn la rí tá a fi mú un.” Ẹ̀gbọ́n mi fò sókè: “Hẹ̀n-ẹ́n! Àbúrò mi tó dúró yìí ló kọ ọ́!” Nọ́ọ̀sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Èmi ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Iye oògùn tó wà níbẹ̀, ti ọmọ kílò méjì géérégé ni. Fáìlì mi ti gé ohun tó lé lórí odidi kílò sọnù. Lára ọmọ ńlá, ìyẹn ò já mọ́ nǹkan. Lára ọmọ yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta oògùn tó dànù.

Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà: “Nọ́ọ̀sì, ẹ dúró ná, ó kéré.” Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n yà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.”

Yàrá náà kò ní fèrèsé. Mo jókòó lórí ìdérí, mo fi fóònù kọ àtúnṣe, ìlà mélòó kan. Aṣọ́bodè ní rárá: ọgọ́rùn-ún ti dín. Ìdánwò irọ́ mi kò mọ ọ̀nà dé àwọn ìlà tuntun. Mo tún un rán, ó tún dá a padà. Ẹnì kan ń gbá ilẹ̀kùn: “Ẹni inú ibẹ̀ yẹn, ṣé ẹ ti gba ilé síbẹ̀ ni?” Mo pe Ẹ̀rí-Dà: “Jọ̀ọ́, ṣí bodè fún mi.” Ó ní, “Kí ló dé?” “Àtúnṣe kékeré ni.” “Bó bá kéré, kọ ìdánwò rẹ̀. Ìwọ lo kúkú ṣòfin. Àbí nǹkan ń ṣe fáìlì yẹn?” Mo ní, “Rárá o, ara rẹ̀ le koko.” Irọ́ ni mo fi lé irọ́ lórí: mo kọ ìdánwò asárélọ kejì, aṣọ́bodè sì ní kí n máa wọlé, ọ̀gá mi. Mo jáde bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Wọ́n ti fún un lábẹ́rẹ́. Ṣé inú ló ń dà ọ́ láàmú?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n mi.” Inú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn, ẹ̀dà àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀, kò sì ní kúrò títí ẹnì kan á fi wá pààrọ̀ rẹ̀.

Ìgbàkigbà tí nọ́ọ̀sì bá ń bọ̀, màá kọ ẹ̀yìn sí kọ̀ǹpútà yẹn. Ibà kò lọ. Dókítà wá ní, “Ó jọ pé oògùn yìí ò ràn án. Òmíràn wà tó le jù ú lọ. Ó lè ba etí jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ló ṣáájú.” Ẹ̀gbọ́n mi dì mọ́ apá mi: “Dókítà, ẹ bi àbúrò mi ná. Òun ló mọ ẹ̀rọ yẹn.” Dókítà yíjú sí mi: “Ṣé ìṣirò rẹ̀ péye?” Ilẹ̀kùn tí mo ti ń wá ló ṣí sílẹ̀ gbagada yìí o! Kí n sọ pé rárá, kí n jáde. Mo gbọ́ ohùn ara mi, ó dùn bí ohùn akéde: “Ó péye, Dókítà. Ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.”

Wọ́n fún un ní oògùn tó le jù ọ̀hún, ọmọ náà sì yè. Bí ẹ bá pàtẹ́wọ́ lápá òsì rẹ̀, kò ní wojú yín. Ẹ̀gbọ́n mi sì ń ṣàdúrà fún mi, pé mi ò fi òun sílẹ̀ nígbà ìpọ́njú. Àdúrà yẹn ló wó mi palẹ̀. Mo lọ bá Ẹ̀rí-Dà, mo tú gbogbo rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ tìrẹ lo rí. Àwọn tí a ò rí ńkọ́?” Ẹ̀yin tí ẹ̀dà àtijọ́ wà lọ́wọ́ yín, ẹ jù ú nù kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ mi tán. A ti yọ báàjì náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ má kọ ìdánwò tí kò ní ìbéèrè lẹ́nu. Bí báàjì yín bá pupa, ẹ jẹ́ kó pupa. Pupa ń kìlọ̀ fún èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n mi ni mo kọ́kọ́ ka ìwé yìí sí létí, ní pálọ̀ rẹ̀, ọmọ ń sùn léjìká rẹ̀. Kò bú mi, kò sunkún. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Gbé e síta kí ayé kà á. Àmọ́ níbi tí o kọ ọ́ sí pé mo ti dárí jì ọ́, pa á rẹ́. Mi ò tíì ṣe é.”

Mo ti pa á rẹ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.