Ilé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ Tí Olúwa Gbà Padà Fún Èmi Àtàwọn Ọmọ Mi

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ẹ gbé e ga jù bẹ́ẹ̀ lọ! Rákẹ́lì, ẹ̀gbọ́n ọkọ tí mo fẹ́ tẹ́lẹ̀, ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ibi sí mi. Mo dárúkọ rẹ̀ o, n kò sì ní gbé e mì. Nígbà tí wọ́n sin ín lóṣù tó kọjá, olùlàjà ni wọ́n pè é nínú ìjọ yìí. Mo jókòó, mo gbọ́. Lónìí, ó kàn mí.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, nígbà ìjọba ológun. Mo ń ṣe tíṣà ní Ògbómọ̀ṣọ́, Jóẹ́lì ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀yọ́; ọjọ́ Ẹtì ni èmi àtàwọn ọmọ máa ń wá bá a. Ó ra ilẹ̀ kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́n sì ń wádìí ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń rówó ralẹ̀ nígbà náà.

Rákẹ́lì ní, "Jóẹ́lì, má fi orúkọ rẹ sínú ìwé. Fi ti Dúpẹ́ sí i. Ta ni yóò bi ọmọ ọdún mẹ́rin léèrè ibi tó ti rówó?"

A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín! Orúkọ àkọ́bí wa wọnú ìwé, Rákẹ́lì tẹ̀ka gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ó sì ti ìwé náà mọ́nú àpótí rẹ̀. Nígbà tí ilé dé òkè, èmi ni mo yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tíṣà, tí mo fi ra igi àti páànù.

Kò pé ọdún méjì, Rákẹ́lì mú ìyàwó mìíràn wá fún àbúrò rẹ̀. Èmi àtàwọn ọmọ mi méjèèjì dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Ẹtì kan, a bá ẹrù wa níta.

"Tíṣà," ni Rákẹ́lì wí, "ilé ọkọ kì í ṣe ilé àlejò tí èèyàn ń wá sùn lọ́jọ́ Ẹtì."

Jóẹ́lì wà nínú ilé. Kò jáde.

Ọdún kan gbáko, yàrá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́! Wọ́n ń yọ gbèsè páànù nínú owó oṣù mi, ẹlòmíràn ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Kọ́bọ̀ kan kò wá láti Ọ̀yọ́. Dúpẹ́ ní, "Màmi, ṣé bàbá wa ti kú ni?" Ẹ̀yin ará, mo sunkún. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò sùn! Ẹ yìn ín!

Jóẹ́lì ló tún pè mí lẹ́jọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀: kí wọ́n tú wa ká, kí n má sì fẹsẹ̀ tẹ ilé òun mọ́. Akọ̀wé kóòtù bi mí pé, "Màmá, ṣé ìwé ilé náà wà lọ́wọ́ yín?" Mo ní rárá, inú àpótí Rákẹ́lì ló wà. "Ẹ̀ẹ́n, ẹ máa gbàdúrà o." Mo gbà á! Mo fi ọjọ́ mẹ́ta gbààwẹ̀.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, mo ní èmi ni mo ra páànù. Rákẹ́lì bú sẹ́rìn-ín. "Páànù! Ṣé orí páànù ni wọ́n ń kọ́lé sí ni? Ẹ wo ìwé ilẹ̀ àbúrò mi o!" Kò mọ̀wé kà, kò sì mọ agbára orúkọ tó wà nínú ìwé. Jóẹ́lì nawọ́ láti dá a dúró, ìwé ti dọ́wọ́ Ààrẹ kóòtù tó ń dájọ́ wa.

"Ta ní ń jẹ́ Modúpẹ́?"

"Ọmọ wa ni, sà," ni Rákẹ́lì dáhùn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. "Tọmọ náà ni ti bàbá rẹ̀."

"Ó dáa. Ta ló ń bọ́ ọmọ náà láti ọdún kan?"

Ààrẹ kọjú sí ọkọ mi.

"Jóẹ́lì, èló lo fi ránṣẹ́?"

"Sà... nǹkan le, sà."

Halelúyà! Wọ́n tú wa ká. Kóòtù ní Dúpẹ́ ló nilé, ọ̀dọ̀ mi làwọn ọmọ yóò wà, inú ilé náà la ó sì máa gbé títí wọn yóò fi dàgbà. Kí Jóẹ́lì máa san owó oúnjẹ àti owó ilé ìwé lóṣooṣù sọ́wọ́ akọ̀wé. Ó san án! Kì í ṣe ìfẹ́, ẹ̀rù ọlọ́pàá ni. Sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé mi wá sí ilé ìwé kan ní Ọ̀yọ́. Ẹ ṣeun, Jésù! Ẹ ṣeun, Bàbá!

Arábìnrin tó wà nínú irú ìdààmú yìí, gbàdúrà, ṣùgbọ́n má jókòó sílé. Lọ wádìí orúkọ tó wà nínú ìwé. Ọlọ́run tó gbọ́ tèmi kò tíì darúgbó. Èmi ni mo darúgbó.

Ọ̀sẹ̀ méjì kí Rákẹ́lì tó kú, mo lọ kí i ní ọsibítù. Mo rò pé yóò tọrọ àforíjì. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, ká ní mo mọ̀ pé ẹ máa kọ ara yín ni, orúkọ èmi gan-an ni ǹ bá ní kí Jóẹ́lì fi sínú ìwé yẹn."