Ìṣínu Mẹ́fà Tí Ìyá Rámátù Gbé Fún Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi láti ọdún mẹ́sàn-án. Mo ti pa irọ́ púpọ̀ láyé mi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Mo ti sọ kiri pé èmi ni mo rán àsíá tí wọ́n kọ́kọ́ fà sókè nígbà òmìnira Dàhòmè. Ẹ jọ̀ọ́, bọ́tìnnì ẹ̀wù ọ̀kan nínú àwọn tó dúró nídìí òpó àsíá ni mo rán. Ìyẹn kò dùn mí. Èyí tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ yìí ló ń dùn mí, torí ìyá kan ti dì í mọ́ ẹrù ọ̀run rẹ̀.

Aránṣọ ni mí ní ọjà Missèbo. Ìwé Faransé tí mo kà kò ju ọdún mẹ́ta lọ, mo sì sá kúrò ní ilé kéwú kí ẹgba tó pa mí. Bí mo bá kọ nǹkan sódì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un kà.

Ààwẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira ni. Ooru ọdún yẹn kò ní ẹgbẹ́. Mo rí aláǹgbá tó ń bẹ̀ mí pé kí n má kúrò lójú kan, kí òjìji mi má baà fi òun sílẹ̀. A gba ààwẹ̀ náà parí, a jẹ ọdún. Lọ́jọ́ kejì, ìlà mẹ́fà tó máa ń wà lẹ́yìn Ààfáà wa ní mọ́ṣáláṣí ti di ìlà kan àti àbọ̀.

Inú bí Ààfáà. Ó ní, "Ṣé oṣù lẹ ń sìn ni? Oṣù ti wọ̀. Ẹni tó dá oṣù kò lọ síbì kankan." Ó wá sọ nípa ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́fà inú oṣù Ṣawàlì, pé ẹni tó bá gbà á lé Ramadan dà bí ẹni tó fi gbogbo ọdún gbààwẹ̀. Ó béèrè ẹni tó máa gbà á. Kálukú ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo wọ agbádá tuntun lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó tíì kí mi kú aṣọ. Mo bá dìde. Mo ní, "Ààfáà, ọdọọdún lèmi ń gbà á, láti ìgbà tí mo ti wà ní Ṣakété." Irọ́ ni. N kò gbà á rí.

Ìyá kan wà tí àtẹ aṣọ àlòkù rẹ̀ kò jìnnà sí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ọmọ Pobè ni. Màá pè é ní Ìyá Rámátù, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ọgbẹ́ inú ń bá a jà, dókítà sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ mọ́. Ó bọ́ àwọn aláìní dípò rẹ̀ bí ẹ̀sìn ṣe wí, àmọ́ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lọ́jọ́ ìrun ọdún, ẹ̀yìn pátápátá ló dúró sí, bí àlejò.

Ó wá bá mi nídìí ẹ̀rọ. Ó ní, "Bàbá Aránṣọ, wọ́n ní ẹni tó bá fún aláàwẹ̀ ní ìṣínu máa gba láádá bíi tirẹ̀, ti aláàwẹ̀ náà kò sì ní dín. Èmi ò lè gbààwẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gba ẹnu yín wọlé."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ òótọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo ní, "Kí lẹ máa sè?"

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́sàn-án, màá di aṣọ kan sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ bí ẹni tó fẹ́ gbé e lọ fún oníbàárà, màá gun ún dé Gbégamey, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí. Obìnrin Fọ̀n kan ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà àsèpọ̀ níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní àtàsí. Màá jẹ ẹ́ yó. Nírọ̀lẹ́, Ìyá Rámátù á gbé ògì gbígbóná, àkàrà àti ẹja díndín wá, màá sì tún jẹ ìyẹn, màá máa mí bí ẹni tí ebi ti fẹ́ pa.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo wà nídìí àwo kejì nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Bàbá Aránṣọ! Ṣé ẹ̀yin nìyí?"

Ìyá Rámátù ni. Ó wá sí ìkómọ ní àdúgbò náà. Ìrẹsì kún ẹnu mi. Mo pariwo, "Yéè! Mo gbàgbé! Ìyá Rámátù, mo mà gbàgbé pé mo gbààwẹ̀!"

Mo rò pé ó máa bú mi. Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. "Alláhù Akbar! Ẹni tó bá gbàgbé tó jẹun, Ọlọ́run ló bọ́ ọ! Ààwẹ̀ yín ò bàjẹ́. Ẹ fọ ẹnu, ẹ máa bá a lọ." Ó ń sunkún ayọ̀ nígbà tó ń lọ.

Obìnrin Fọ̀n náà gbọ́ Nàgó, èdè wa, dáadáa. Ó wò mí títí. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbàgbé lánàá. Ẹ gbàgbé níjẹta. Ṣé ẹ máa gbàgbé lọ́la náà, kí n bù ú sílẹ̀ dè yín?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo mọ́ṣáláṣí ti gbọ́. Àwọn èèyàn ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ mọ ẹnu mi, mo tún fi iyọ̀ sí i. Mo ní n kò rí ọwọ́ tó ń gbé ìrẹsì náà sí mi lẹ́nu.

Àmọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí Ìyá Rámátù gbé oúnjẹ dé, kò lọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń wò mí. Ó ní, "Bàbá, mo ti rò pé Ọlọ́run ti yọ mí kúrò nínú àwọn tirẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹni tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ń bọ́ ni mo ń bọ́. Mo ṣì wà níbẹ̀."

Mo gbé àwo ògì náà kalẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo gbààwẹ̀ lóòótọ́. Orí fọ́ mi, mo rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò mọ́ ọrùn ẹ̀wù. Mo gba ìkejì. Lójú Ìyá Rámátù, mẹ́fà ti pé, kò gbé oúnjẹ wá mọ́. Èmi sì tún gba mẹ́rin sí i ní kọ̀rọ̀. Láti ọdún yẹn, Ṣawàlì kan kò kọjá lórí mi láìjẹ́ pé mo gba mẹ́fà pípé. Mo ti di ará ìlà àkọ́kọ́ ní mọ́ṣáláṣí, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò fi ìrẹsì fún mi lọ́rùn pa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Rámátù. Àkàrà rẹ̀ ló sọ mí di Mùsùlùmí.

Àmọ́ ìṣínu mẹ́fà ló gbé wá. Méjì péré ló bá ààwẹ̀ nílé.

Ó ti darúgbó gan-an báyìí, kì í dìde lórí ẹní mọ́. Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tó kọjá yìí, mo lọ kí i. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bàbá Aránṣọ, n ò ní nǹkan púpọ̀ tí màá kó lọ. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́fà yẹn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé." Ó ní ọjọ́ tí mo bá gba ẹ̀kẹfà tọdún yìí, kí n wá ṣínu lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé jù mí lọ, Ààfáà wa àtijọ́ ti kú, n kò sì mọ ẹni tí màá bi. Ṣé láádá rẹ̀ pé nítorí èrò ọkàn rẹ̀, àbí irọ́ mi ti jẹ mẹ́rin nínú rẹ̀? Ṣé kí n sọ fún un kó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dárí jì mí, àbí ọ̀rọ̀ náà á pa á? Ẹ má bú mi jù. Ẹ bá mi tọrọ àforíjìn.

Mo ti gba márùn-ún. Ẹyọ kan ló kù, oṣù Ṣawàlì sì ń lọ. N kò tíì gbà á. Mo ń dúró de ohun tí ẹ máa sọ.